Ìrìn-àjò Mi sí Ìlú Oníyàrá Mẹ́rin, Níbi tí Kókó-Ẹ̀jẹ̀ Ti Palẹ̀ Ẹrù Mọ́

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà máa fi ìgúnpá gún ẹni tó wà níwájú pé kí ni Bàbá wí. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ báyìí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó tètè máa lọ sílé, nítorí bí ẹ bá sùn síbi ìtàn yìí, ẹ ó ṣàdédé jí níbi tí iwin ti di ọwọ́ mi mú, ẹ ó fi igbe bọnu, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu mi yìí gan-an ni ìtàn náà dá lé. Díẹ̀ ló kù kí n pàdánù rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé. Ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n orúkọ náà máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Èmi ni mo wọgbó nígbà tí igbó ṣì dúdú débi pé àtùpà la fi ń ríran lọ́sàn-án gangan. Èmi ni mo tẹjú mọ́ erin títí erin fi ní kí n má bínú. Ẹkùn méje ni mo pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo...

"Mélòó?"

Ẹ má wẹ̀yìn. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹkùn méje, Àwẹ̀ró."

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ológbò ìyá Múfútáù télọ̀ nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ yìnbọn sí. Kò sì kú."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwọ Múfútáù, dákẹ́ ẹnu ẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé obìnrin yìí wà nínú ìtàn náà látòkèdélẹ̀, kò sì síbi tí mo lè parọ́ gbà tí kò ní pàdé mi. Lónìí, ó ti di dandan kí n sọ òótọ́. Ẹ bá mi kẹ́dùn.

Mo pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin, ojú mi ríran, eyín mi kù méjìdínlógún, ẹnu mi sì pé. Ẹnu ló ṣe pàtàkì jù lára ọdẹ. Bí ìbọn bá tàsé, ẹnu á bá a pa ẹran náà. Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín: ta ló rí mi nínú igbó nínú yín? Kò sí. Ẹnu mi lẹ gbọ́, ẹ sì gbà pé akọni ni mí.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lúgọ sẹ́bàá odò, ẹfọ̀n kan jáde, ó tóbi bí ilé ìdáná. Mo gbé ìbọn sí èjìká. Àyà mi ń lọ gbì, gbì, gbì, bó ṣe máa ń lọ láti kékeré mi. Mo di ojú kan. Lójijì, nǹkan dàrú. Gbì. Gbìgbìgbì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Gbì. Gbìgbìgbìgbìgbì. Àfi bí ẹni pé àlejò ogún ló ń kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí kálukú ń fi ọwọ́ tirẹ̀ kàn án. Ojú mi ṣú, ìbọn yìn sókè. Ẹfọ̀n náà wò mí, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àánú mi ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹran ìgbẹ́ ṣàánú Ọdẹ́rìndé!

Mo ní oògùn ẹfọ̀n náà ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń lọ wẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe mí lórí ibùsùn, kò sì sí ẹfọ̀n lórí ibùsùn mi.

"Àbí èmi lẹ fẹ́ pè ní ẹfọ̀n?"

Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní ẹfọ̀n, Àwẹ̀ró. Jẹ́ kí n máa bọ́rọ̀ lọ.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni ọ̀rọ̀ Ọdẹ́níyì, ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin yẹn lè fi ọjọ́ mẹ́ta sọ ìtàn kan, kó má sì tíì délé ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ. Àyà tirẹ̀ náà dàrú bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ó ní ọjọ́ orí ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń bọ́jú, apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù fún un. Ṣé o ti jẹun? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ebi ń pa ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Omi á sì máa dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ikú ò bà mí lẹ́rù mọ́. Kí Ọdẹ́rìndé wà láàyè láìní ẹnu, òun ló ń bà mí lẹ́rù.

Olúọ́dẹ wa ní lẹ́yìn Igbó Ìmí-Kúkúrú, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdákẹ́, ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbọ́ ìrìn ọkàn èèyàn bí a ṣe ń gbọ́ ìrìn àlejò nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo di iṣu sísun méjì. Àwẹ̀ró ní òun fẹ́ bá mi lọ. Mo fẹ àyà tó ń ṣàìsàn náà, mo ní, "Obìnrin kì í wọ Igbó Ìmí-Kúkúrú!"

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ gbé omi dání."

Mi ò gbé omi. Mo kábàámọ̀.

Igbó Ìmí-Kúkúrú! Àwọn igi ibẹ̀ a máa fa èémí kúrò lẹ́nu èèyàn bí ọmọdé ṣe ń fa ọsàn mu. Òkè kan wà láàárín igbó náà tó ń dàgbà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Bó o bá gbé ẹsẹ̀ kan, òun náà á ga sí i ní ẹsẹ̀ kan, á sì máa bi ọ́ pé ṣé kò rẹ̀ ọ́. Mo gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsinmi.

"Hùn."

Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?

Lórí òkè náà ni mo ti bá iwin kan lórí àpótí. Ìka méjìlá ló wà ní ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ònkàòtán lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ bodè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di ọrùn ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá mú, kó sì ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ń pa àlọ́.

Ó ní, "Òṣìṣẹ́ kan wà tí wọn kò fún ní ìsinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bó bá jókòó díẹ̀ pẹ́ẹ́, gbogbo ilé á bú sẹ́kún. Ta ni?"

Mo ní, "Àwẹ̀ró ìyàwó mi."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìdáhùn rẹ dára, ṣùgbọ́n o kùnà. Gbé ọwọ́ wá."

Ó dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta-ẹẹ́rin-aárùn-ún... Kí ló dé? Ẹẹ́fà. Eéje-ẹẹ́jọ-ẹẹ́sàn-án-ẹẹ́wàá, dúró, dúró ná, mo ti ka ẹẹ́jọ, àbí mi ò tíì kà á?" Ojú rẹ̀ yí, àpótí yí, òun náà sì yí, ó ṣubú gbàgà! Inú mi dùn, mo fò sókè. Mo ní, "Ọrùn ọwọ́ lásán ni mo fi dá iwin wó! Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọdẹ?"

Ìgbà tí mo bojú wolẹ̀, iwin náà ń sunkún.

Ó ní, "Ọmọ èèyàn, ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni mo ti ń ka ọkàn níbí. Èyí tó ń sáré, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò lónkà rárá yìí, ara àwọn àgbàlagbà ni mo sábà máa ń bá a, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í mọ̀ pé ó wà lára wọn, àfi lọ́jọ́ tí apá kan bá kú. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' ìbá ti gba ibí kọjá. Kò wá. Sáré máa lọ!" Ó nu ojú. "Rárá, má sáré. Rọra máa lọ."

Báyìí ni mo ṣe dé Ìdákẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo níbẹ̀. Àkùkọ wọn a máa ki orí sábẹ́ ìyẹ́ kó tó kọ, ajá wọn a máa gbó bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan, nítorí ìyá kan tó ń fetí sí ọkàn ní ìlú náà. Ìyá Etí-Àtẹ ni wọ́n ń pè é. Aṣọ funfun ló wọ̀, etí rẹ̀ kan fẹ̀ bí àtẹ tí a fi ń fẹ́ ìrẹsì, èkejì rí bí etí tiyín.

Ó rí i pé mò ń wo etí. Ó ní, "Ńlá yìí ni mo fi ń gbọ́ ọkàn. Kékeré yìí wà fún òfófó. Jókòó. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ?"

"Ó wà, Ìyá, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un."

"Ọtí ńkọ́?"

"Ògógóró díẹ̀, nítorí òtútù."

"Òtútù wo? Inú ooru oṣù Ẹrẹ́nà la wà."

Ó gbé etí-àtẹ lé mi láyà, ó dijú, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ kan jáde, ó lẹ wáyà mọ́ mi láyà, ó lẹ ẹ́ mọ́ ọwọ́, ó lẹ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, bí ẹni ń di àgbò ọdún. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ilà sì ń fò lórí rẹ̀. Ìyá náà ya bébà náà, ó gbé òmíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Wọ́n ní ọdẹ ni ọ́. Ka ipa ẹsẹ̀ fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo mọ̀ ni ó mú mi dé yẹn! Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo bébà kìíní. Mo ní, "Ẹtu lèyí. Ara rẹ̀ yá, ẹnikẹ́ni ò lé e, ó rọra ń lọ mu omi ni." Mo wo bébà kejì. "Háà, Ìyá, ẹran yìí ti gbọgbẹ́. Bí kò bá gbọgbẹ́, á jẹ́ pé ó mutí. Ó fò níbí, ó dúró níbí, ó sáré mẹ́ta, ó tún dúró. Irú èyí kì í jìnnà kó tó ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìbọn mi, màá bá a láìpẹ́. Ẹran ta ni?"

Ó ní, "Tìrẹ ni. Ọkàn rẹ nìyẹn."

Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ọjọ́ yẹn ni mo tọ ọ́ títí mo fi bá ara mi.

Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká. "Gbọ́ bó ṣe rí. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ lókè. Bó bá ti ní 'Ó yá!', gbogbo ilé á ti ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nísinsìnyí, ọjọ́ orí ti dé, ẹ̀jẹ̀ ríru ti na ògiri, gbogbo ará òkè ló wá ń pàṣẹ. Wọn kì í ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọ́n kàn ń gbọ̀n ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rẹ́ni tì í á dúró sí kọ̀rọ̀. Kí ló máa ń ṣe ẹ̀kọ tó wà lórí iná tí wọn ò rò?"

"Á ní kókó, Ìyá."

"Irú kókó bẹ́ẹ̀ ló gba ọ̀nà orí ọ̀rẹ́ rẹ lọ."

Ó fún mi ní oògùn méjì. Hóró funfun wà fún eré tí ọkàn ń sá. Hóró pupa ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní kí n lo pupa láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ ayé, bí àyà ń lù gbìgbì tàbí kò lù. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan, n kò gbọ́dọ̀ kó ìlọ́po méjì mì láti fi dí i. Kí n má fi àgbo tàbí oògùn ara ríro kankan kún un láì kọ́kọ́ bi òun, kí n dín ògógóró kù, kí n sì gbà fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà báyìí, kí n máa lo oògùn rẹ̀.

"Bí wọ́n bá sì fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ fún ọ nílé Olúọ́dẹ, sọ pé o ò ṣe. Bí abẹ bá kàn ọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ á pẹ́ kó tó dá."

"Ìyá, àwọn ọdẹ á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ń fi Ọdẹ́níyì ṣe bí?"

Mo búra, mo dúpẹ́, mo délé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àyà mi ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Ara mi yá débi pé mo lé ewúrẹ́ Múfútáù yí ilé po.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ọdẹ nìkan lè ṣe. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àwa ọdẹ, bí a bá ń wọgbó, à á wọ ẹ̀wù àbò, à á so oògùn mọ́pàá. Bí a bá ti dé láti oko ọdẹ, à á bọ́ ọ, à á fi kọ́ èèkàn lára ògiri, kó lè sinmi. Oògùn tí a ń lò nígbà tí kò séwu, agbára rẹ̀ ń ṣòfò ni lójú tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe. Èmi Ọdẹ́rìndé wá ro ó pé ewu ti kọjá, mo kó hóró pupa sínú àpò awọ, mo fi kọ́ èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Mo tilẹ̀ kí ara mi pé ọlọgbọ́n ni mí. Mo ní màá mú un sọ̀ bí ogun bá tún dé.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún tí mo ti fi í kọ́, mo ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, igbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ọwọ́ ọ̀tún ò dá mi lóhùn. Mo fẹ́ pariwo pé, "Àwẹ̀ró, gbà mí!" Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Wẹ̀... wẹ̀... wẹ̀..." Ilẹ̀ sì là lábẹ́ àpótí mi, mo já wọ inú rẹ̀, gìrìgìrì, títí mo fi balẹ̀ sí ìlú kan tí ògiri rẹ̀ pupa tó sì ń mí.

Ìlú náà kò ju yàrá mẹ́rin lọ. Ní yàrá òkè, irínwó èèyàn dúró, gbogbo wọn ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa, kálukú ń ké pé, "Ó yá! Èmi ni mo ní ó yá!" Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ̀rù ṣe bà mí, ògiri sáré. Mo mí kanlẹ̀, ògiri rọra. Ẹ̀yin èèyàn mi, àyà tèmi fúnra mi ni mo já sí!

Lápá òsì yàrá òkè, kọ̀rọ̀ kékeré kan wà bí àpò ẹ̀wù. Ẹnì kan jókòó síbẹ̀, ó pọ́n, ó ki, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú ẹní, ó wọ bàtà, ó ń wo ọ̀nà.

Mo ní, "Ta nìyẹn?"

Ó ní, "Èmi Kókó-Ẹ̀jẹ̀ ni. Onílé, ẹ kú ilé. Ọjọ́ kejìdínlógún rèé tí wọn ò ti rán àwọn aláṣọ pupa wá dà mí láàmú, mo ti sanra dáadáa. Mò ń lọ sórí yín lókè."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Ilé kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu yín ti ń jáde. Ilé náà wù mí. Mo ti rán àbúrò mi kékeré ṣáájú, ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá gbá a tán, màá kó wọlé, kò sì ní sí àyè fún ọ̀rọ̀ kankan mọ́."

Ìbọn mi bá mi já síbẹ̀, mo gbé e sójú. Kókó-Ẹ̀jẹ̀ ṣí àyà sílẹ̀, ó ní, "Ẹ yìn ín! Ọkàn ta ni ọta máa gbà kọjá?" Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Mo pe ọfọ̀, ó bá mi pè é, ó tún mọ ìparí rẹ̀ jù mí lọ, nítorí inú mi ló ń gbé. Kò sí ohun ìjà tó kù fún mi mọ́.

Ó gbé ẹrù rù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Mo bá ní, "Ṣé o ti gbọ́ nípa ẹkùn méje tí mo pa lọ́jọ́ kan?"

Ó dúró. "Ẹkùn mélòó?"

"Méje."

Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi ọkàn mi sọ ìtàn lọ́jọ́ náà! Ẹkùn kìíní nìkan, mo bí i, mo tọ́ ọ, mo gbé e níyàwó kí n tó pa á. Bí Kókó-Ẹ̀jẹ̀ bá wo ọ̀nà, màá mú ẹkùn náà bú ramúramù, á sì tún jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tèmi, Bàbá Ọdẹ́bùnmi, kẹ́ ẹ má baà fò ó."

Àwẹ̀ró, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

"Ẹ ò ní débẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, mo rí i pé ẹnu wọn wọ́. Mo ní kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ̀kan gbé, ọ̀kan ò gbé. Mo ní kí wọ́n pe orúkọ mi, wọn ò lè pè é. Ará ilé ní ká wá àgbo, mo ní rárá. Wọ́n ní ká jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀ ná, bóyá á lọ, mo ní rárá. Ojú mi lọ sára èèkàn. Àpò awọ yẹn rèé, ó kún bó ṣe kún lọ́jọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Mo mú un. Mo sì pọn wọ́n."

Ó pọn mí lóòótọ́. Ó fi ọ̀já gbà mí mọ́ ẹ̀yìn, èmi apẹkùnméje, ẹsẹ̀ mi ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ọmọ oṣù mẹ́ta, ó wọ Igbó Ìmí-Kúkúrú. Òkè náà bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kúrò lọ́nà." Òkè kúrò.

Ònkàòtán na ìka mẹ́rìnlélógún sí i. "Òṣìṣẹ́ kan wà tí wọn kò fún ní ìsinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i..."

Àwẹ̀ró ní, "Ọkàn ni. Kò sì sí àyè àlọ́. Ṣí bodè!"

Iwin náà ṣí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ẹnikẹ́ni máa dáhùn kó tó pa àlọ́ tán.

Ìyá Etí-Àtẹ tan fìtílà kan tó ń ríran wọ inú agbárí, ó wò mí lórí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kankan ò ya síbẹ̀, pé kókó tó gòkè kéré, ó sì ti ń yọ́. Ó bi Àwẹ̀ró pé ìgbà wo ni mo lo hóró pupa gbẹ̀yìn. Àwẹ̀ró gbé àpò awọ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá yẹn bú mi fún ìdajì wákàtí, kí Ọlọ́run ṣàánú mi, mi ò gbọ́ ọ. Ó tún oògùn bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Mo wà lórí ẹkùn kẹfà nínú ìlú ológiri pupa náà nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àwọn aláṣọ pupa ń bọ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ, wọn ò gbé ìbọn, wọn ò gbé idà. Wọ́n kàn yí kọ̀rọ̀ náà ká. Ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí tó bá fẹ́ lọ bá Kókó jókòó, wọ́n á ní, "Máa bá tìrẹ lọ." Èyí tó bá fẹ́ so mọ́ ọn, "Máa bá tìrẹ lọ." Àwọn tó ń tún ilé ṣe wá sún mọ́ ọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n ń bù ú lẹ́tì díẹ̀díẹ̀. Kókó-Ẹ̀jẹ̀ rí i pé òun ò lè rìn mọ́, òun ò sì lè sanra mọ́.

Ó ní, "Ẹ sọ èyí tó kù fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Báwo ni ẹkùn keje ṣe kú?"

Mo ní, "Bi ìyàwó mi."

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo lajú sí Ìdákẹ́, lórí ẹní. Oòrùn ò tíì dé àtàrí. Ọwọ́ ọ̀tún mi gbé sókè. Àwẹ̀ró jókòó tì mí, ọ̀já ṣì wà láyà rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi lo oògùn náà láìfo ọjọ́ kan. Àpò awọ kúrò lára èèkàn, ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi tí mo máa ń mu láàárọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn oṣù kẹta, mo padà sí Ìdákẹ́, èmi àti Àwẹ̀ró jọ lọ. Ìyá náà wo kọ̀rọ̀ tí Kókó-Ẹ̀jẹ̀ jókòó sí, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, ẹní nìkan ló fi sílẹ̀. Mo jó! Mo yí i po! Mo ní kó ya bébà fún mi kí n rí ìrìn ẹtu mi.

Ó ya á. Mo wò ó. Inú mi bàjẹ́.

"Ìyá! Ó ṣì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́!"

Ó ní, "Á máa ta bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn elòmíràn máa ń padà sí ìrìn rẹ̀, tìrẹ ti yan èyí. Wò ó dáadáa, ìwọ ọdẹ. Ṣé ó ń sáré?"

Mo tẹjú mọ́ ọn. "Rárá. Kò sáré."

"Ṣé ẹnì kan ń lé e?"

"Ẹnì kan ò lé e."

"Ó ń tiro, ó sì ń délé. Máa lo oògùn rẹ."

"Títí di ìgbà wo, Ìyá?"

"Títí ìtàn fi máa tán lẹ́nu rẹ."

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ bá wa kó púpọ̀ sí i."

A délé. Mo sùn bí òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lajú, mi ò tètè yanu. Àràárọ̀ ni ẹ̀rù náà ń bà mí: mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá máa ronú pé bí mo bá ṣí ẹnu yìí, kí ló máa jáde? Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mọ̀ pé kò sùn. Mo ṣí i.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, ṣé o jí dáadáa?"

Ó pé. Ọ̀rọ̀ kankan ò jábọ́ nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ẹ tún un sọ."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, inú bí mi. Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé etí ń dùn ọ́ ni?"

Ó ní, "Kò dùn mí. Ó ń dùn mọ́ mi ni."

Ibẹ̀ ni mo sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ sí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbọn ẹ̀yìn aṣọ yín, kí kálukú máa lọ sílé, kẹ́ ẹ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ fún mi, kẹ́ ẹ sì di ọrùn ọwọ́ wọn mú díẹ̀. Àwẹ̀ró ń bu omi bọ̀. Ó ti tó àkókò tí mo máa ń lo ti ìrọ̀lẹ́.